Ìtàn Pierre Fátúmbí Verger, onífótò tó máa ń fi ẹsẹ̀ sún mọ́ èèyàn

 Ó pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń béèrè pé kí a sọ̀rọ̀ nípa fótò yíyà, pàápàá nípa dígí kékeré tó wà lẹ́yìn fóònù wọn, èyí tí wọ́n máa ń tẹ 0,5 kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo àgbàlá á wọlé sínú fótò: ilé, igi máńgòrò, ewúrẹ́, títí kan ọmọ tí a ò pè. Àwọn Faransé ń pe irú dígí bẹ́ẹ̀ ní ultra grand-angle. Àwa á máa pè é ní dígí olójú gbòòrò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Dígí yẹn dára, ṣùgbọ́n ó ti kó ìtìjú bá wa rí. Níbi ìnáwó kan lábúlé, àwa fúnra wa la dúró níwájú àwọn àgbà láti yà wọ́n. Àyè ò tó, ògiri wà lẹ́yìn wa, la bá tẹ 0,5. Gbogbo wọn wọlé, inú wa dùn. Àfìgbà tí a gbé fóònù fún wọn pé kí wọ́n wò ó. Bàbá tó jókòó sí àárín rí bó ṣe rí gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tó jókòó sí ìpẹ̀kun lápá ọ̀tún, orí rẹ̀ ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí elégédé, èjìká rẹ̀ kan sì gùn ju èkejì lọ. Bàbá ò bínú, kò pariwo. Ó kàn dá fóònù padà fún wa, ó dìde, ó lọ. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, a ò sì rí fótò míì yà lọ́jọ́ náà. Kò tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn tí bàbá náà fi papò dà. Fótò yẹn ni ẹyọ kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní.

Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan lónìí. Ó ju ogójì ọdún lọ tó fi ń ya fótò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yà sì jẹ́ èèyàn tiwa, àwọn tó ń sọ èdè wa ní Kétu, ní Sakété, ní Ọ̀ṣogbo àti ní òkè òkun. Kámẹ́rà tó lò jù, dígí rẹ̀ ò ṣe é yọ, kò ṣe é pààrọ̀, kò sì gbòòrò rárá.

A bí Pierre Edouard Léopold Verger ní Paris ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1902. Olówó ni àwọn òbí rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ní. Ọmọ náà ò gbádùn ilé-ìwé, nígbà tó di ọmọ ọdún 17 ó ti fi í sílẹ̀. Kò gbádùn ìgbé ayé àwọn olówó náà, àwọn tí wọ́n ń wo irú aṣọ téèyàn wọ̀ kí wọ́n tó kí i. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń bẹ láyé, kò sì fẹ́ ṣe ohun tí yóò ba ìyá nínú jẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú ní 1915, àwọn arákùnrin rẹ̀ náà ti lọ. Nígbà tí ìyá kú ní 1932, kò ku ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró mọ́. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Pierre Boucher kọ́ ọ ní fótò yíyà ní ọdún yẹn kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo kámẹ́rà kan tí wọ́n ń pè ní Rolleiflex.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí kámẹ́rà yìí. Àpótí kékeré láti ilẹ̀ Jámánì ni, ó ní dígí méjì níwájú, ọ̀kan lórí èkejì. Tòkè ni onífótò fi ń wò, tìsàlẹ̀ ló ń ya fótò. Wọn kì í gbé e sójú. Ọrùn ni wọ́n máa ń gbé e kọ́, á wá dúró sí ọ̀gangan ikùn, onífótò á tẹrí ba láti wo dígí pẹrẹsẹ kan tó wà lórí àpótí náà, níbi tí ohun tó wà lọ́tùn-ún ti máa ń hàn lósì. Ẹni tí kò bá tíì mọ́ lára, bó bá fẹ́ tẹ̀lé ẹni tó ń jó, apá ibòmíì ni yóò yí sí. Róòlù fíìmù kan ò gbà ju fótò 12 lọ. Lẹ́yìn náà, ó di kéèyàn ṣí àpótí, kó yọ ọ́, kó ki òmíràn sí i, bí eégún bá tilẹ̀ ń jáde bọ̀ lọ́wọ́.

Nǹkan méjì ni kámẹ́rà yìí fi kọ́ Verger. Àkọ́kọ́ ni ìtẹríba. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ bo ojú rẹ̀ tó dojú rẹ̀ kọ àgbàlagbà dà bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn. Ẹni tó tẹrí ba sórí àpótí tó wà níkùn rẹ̀ dà bí ẹni tó ń kí èèyàn. Kò pẹ́ kí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ tó gbàgbé rẹ̀, wọ́n á bá iṣẹ́ wọn lọ. Àti pé nítorí pé ìsàlẹ̀ ni dígí ti ń wo òkè, àwọn tó yà máa ń ga, wọ́n máa ń ní iyì. Alágbàru tó ru ẹrù lórí, nínú fótò Verger, bí ọba ló ń dúró.

Ìkejì ni ẹsẹ̀. Dígí Rolleiflex, mílímítà 75 ni, ohun tó ń rí ò ju nǹkan bí ìwọ̀n 55 degré lọ láti igun dé igun. Dígí 0,5 ti fóònù lè tó 120. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí ojú rí ṣe ìṣirò. Ká ní àwọn èèyàn tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ fún mítà 6. Bí Verger bá fẹ́ kí gbogbo wọn wọlé, ó gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn tó mítà 8. Ọmọ wa tó gbé 0,5 dání, mítà 2 àti díẹ̀ tó o. Ẹ ò rí i pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú fótò ni ibi tí èèyàn dúró sí. Ẹni tó wà ní mítà 8, gbogbo ẹni tó tò síwájú rẹ̀ jìnnà sí i bákan náà, tàbí kó fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà. Ẹni tó wà ní mítà 2, ẹni àárín wà nítòsí rẹ̀, ẹni ìpẹ̀kun wà lọ́nà jíjìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ẹni ìpẹ̀kun ń wọlé ní ìdàgìrì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri lóru kí ẹ wò ó: bí ẹ bá dojú rẹ̀ kọ ògiri gan-an, iná á rí roboto. Bí ẹ bá dà á sí ẹ̀gbẹ́, iná á gùn bí ẹyin tí wọ́n fà. Ohun tó ṣe orí bàbá wa lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, àwa la ò mọ ibi tó yẹ ká fi àgbà sí.

Ká padà sí ìtàn. Láti 1932 ni Verger ti di arìnrìn-àjò. Ó lọ sí àwọn erékùṣù Tahiti. Ní 1934 ìwé ìròyìn Paris-Soir rán an yí ayé ká, ó dé Amẹ́ríkà, Japan àti Ṣáínà. Ní ọdún yẹn náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ onífótò kan sílẹ̀ ní Paris tí wọ́n ń pè ní Alliance Photo, kí wọ́n lè máa ta fótò wọn fún àwọn ìwé ìròyìn. Kò náwó, kò kọ́lé, kò fẹ́yàwó. Fótò ló fi ń san owó ọkọ̀.

Láàárín 1935 sí 1936 ló kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ó gba Sàhárà kọjá, ó dé ilẹ̀ tó di Màlì lónìí, ó sì dé Tógò àti Dahomey. Ẹ má ṣe rò pé òun ló kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ wa o. Ní Lomé, Alex Acolatse, tí wọ́n bí ní 1880 tó sì kú ní 1975, ti ń ya àwọn èèyàn láti ayé àwọn Jámánì. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, ó sì mọ iṣẹ́. A sọ èyí nítorí pé wọ́n ti jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbà pé òyìnbó nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀ Áfíríkà.

Ogun Àgbáyé Kejì bá Verger ní Dakar, níbi tí wọ́n ti fi í ṣe sójà. Lẹ́yìn ìyẹn ó kọjá sí Amẹ́ríkà ti gúúsù, ó gbé Argentina, ó gbé Perú. Ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1946 ló dé Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ó ti ka ìwé kan tí Jorge Amado kọ nípa ìlú náà, ìwé yẹn ló fà á débẹ̀. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó rí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ta àkàrà lójú ọ̀nà, àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté, àwọn tó ń jó nítorí Ṣàngó, nítorí Ọ̀ṣun, nítorí Yemọja. Èdè tí wọ́n fi ń kọrin nínú ilé òrìṣà wọn, èdè wa ni. Àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun wa. Verger dúró ní Bahia. Ibẹ̀ ló kú sí lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mãe Senhora, Maria Bibiana do Espírito Santo lorúkọ rẹ̀ gan-an, òun ni olórí ilé òrìṣà Opô Afonjá. Ìyá yìí gba Verger bí ọmọ. Ní 1948, nígbà tí Verger ń múra láti padà wá sí Áfíríkà, ó bọ orí rẹ̀ fún Ṣàngó. Lẹ́yìn náà ó fi í jẹ oyè Ojú Ọba, ìyẹn ojú Ṣàngó. Oyè wo ló tún yẹ onífótò jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹni tó jẹ́ kó ṣeé ṣe fún un láti wá ni Théodore Monod, ọ̀gá ilé ìwádìí IFAN ní Dakar. Monod fún un lówó ìrànlọ́wọ́ láti wo bí ẹ̀sìn àwọn ará Bahia ṣe jọ ti àwọn ará Dahomey. Verger rò pé fótò nìkan lòun á mú padà. Ó mú un wá lóòótọ́, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì. Monod wò wọ́n, ó sì ní kó lọ kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kò fẹ́ kọ ọ́, iṣẹ́ ìwé kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fúnni lówó ti sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò parí ilé-ìwé ṣe di òǹkọ̀wé ní ọmọ ọdún tó lé ní márùndínláàádọ́ta.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ tó ń bọ̀, Bahia sí Àjàṣẹ́, Àjàṣẹ́ sí Bahia. Ó máa ń gbé fótò àwọn ará Bahia wá, á fi han àwọn àgbà ní Kétu àti ní Sakété, kí wọ́n rí bí àwọn ọmọ wọn tó sọnù ṣe ń wọ ṣòkòtò Ṣàngó àti bí wọ́n ṣe ń gbé oṣé dání. Tó bá padà, á gbé ti ibí lọ hàn níbẹ̀. Ní 1952 ó gbé lẹ́tà Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Adéníran Adéyẹmí Kejì, lọ fún Mãe Senhora, pẹ̀lú edùn àrá àti ṣẹ́ẹ́rẹ́ Ṣàngó. Lẹ́tà náà fi oyè Ìyá Nàsó fún ìyá náà. Ẹ rò ó wò: ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí òkun ti pín àwọn èèyàn yìí níyà, òyìnbó kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ló wá ń ṣe ìránṣẹ́ láàárín wọn.

Ní 1953, ní Kétu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ifá. Àwọn awo ló fún un lórúkọ Fátúmbí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kọ ọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ń kírun, àwa náà ń kírun, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀ kọ́ la fẹ́ fi ṣe wàásù. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé kò lọ dúró sẹ́yìn ògiri kó máa jí èèyàn yà. Ó kọ́ èdè, ó jókòó, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n bá a jẹun. Ó tún jẹ́ ohun kan fún un, torí awo tó ti múlẹ̀ kò lè máa ya ohun gbogbo tó bá rí. Àwọn nǹkan wà tó rí tí kò yà, àwọn fótò sì wà tó yà, tí àwọn kan títí dòní ń béèrè bóyá ó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Àwa gbà pé ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí òrìṣà gùn tàbí ẹni tó ń sọkún níbi òkú ò lè dáhùn pé òun gbà tàbí òun ò gbà.

Ìwé tó kó fótò wọ̀nyẹn jọ, Dieux d'Afrique, jáde ní Paris ní 1954. Ṣàngó ní Sakété àti Ìfàńhìn, Ṣàngó ní Bahia, èyí sún mọ́ èyí. Kò sí àlàyé tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ló ń ṣe ìdájọ́. Ní 1957 IFAN tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn òrìṣà àti àwọn vodun. Lẹ́yìn náà òun àti Roger Bastide, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Faransé kan, káàkiri ọjà àwọn Nàgó ní ìsàlẹ̀ Dahomey, wọ́n kọ bí ọjà ṣe ń yí láti ìlú sí ìlú àti ohun tí àwọn obìnrin ń tà níbẹ̀.

Ìwé rẹ̀ tó wúwo jù ni Flux et reflux, tó jáde ní 1968. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni àwọn lẹ́tà tó rí ní Ouidah, tí oníṣòwò ẹrú kan, José Francisco dos Santos, kọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn, èèyàn ló ń bá èèyàn dúnàádúrà bí ẹni ń ta epo. Verger wá inú ìwé àtijọ́ kiri ní Bahia, ní Lisbon, ní London, ní Paris, ó tó ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó parí iṣẹ́ náà, iṣẹ́ yìí ló sì fi gba oyè dókítà ní Sorbonne ní 1966. Ọmọ tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọdún 17! Kò sí ẹni tó yẹ kí ìwé yẹn kàn tó àwa tí a wà lágbègbè Tchamba. Àwọn Ewé ní etíkun ṣì ń bọ ẹ̀mí kan tí wọ́n ń pè ní Tchamba, ìyẹn ẹ̀mí àwọn ẹrú tí àwọn baba ńlá wọn rà láti apá òkè. Orúkọ ìlú wa ló di orúkọ àwọn tí wọ́n kó lọ. Verger kò ya fótò wọn, kámẹ́rà kò tíì dé ayé nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ó fi ìwé wá wọn.

Kì í ṣe ìyìn nìkan ló wà nínú ìtàn yìí. Ní nǹkan bí 1976 sí 1979, Verger ń ṣe olùkọ́ àlejò ní yunifásítì Ifẹ̀. Àsìkò yẹn ni ariwo ta pé ó mọ ibi tí Orí Olókun wà, orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n ti ń wá tipẹ́, pé Bahia ló wà. Wọlé Ṣóyinká, tó di ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́yìn náà, gbéra lọ sí Bahia láti lọ gbé e wálé. Orí kan ni wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n gbé e, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwòkọ ni, kì í ṣe ojúlówó. Ṣóyinká fúnra rẹ̀ sọ ìtàn yìí nínú ìwé tó tẹ̀ ní 2006. Verger jẹ ìyà ẹ̀sùn yẹn ní Nàìjíríà, inú rẹ̀ ò sì dùn títí tó fi kú. A ò lè dá àwọn tó fura lẹ́bi tán. Ilẹ̀ tí wọ́n ti kó ohun tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, bí àlejò bá ń wọlé tó ń jáde, ojú á máa tẹ̀ lé àpò rẹ̀.

Nígbà tó darúgbó, ó gbé ilé kékeré kan ní Bahia, ní àdúgbò àwọn tálákà. Àwọn tó lọ kí i rí ibùsùn pẹlẹbẹ, tábìlì, àti àpótí fótò káàkiri. Kò ya fótò mọ́ láti bí òpin ọdún 1970 sí i, ìwé ló ń kọ. Ní 1988 ó sọ ilé náà di Fondation Pierre Verger, ó kó gbogbo ohun tó ní sínú rẹ̀. Négátíífù tó wà níbẹ̀ lé ní 62.000. Ẹ fi 12 pín in: róòlù fíìmù tó lé ní 5.000 ni, tó ki bọ inú àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ọmọ kan lè ya 500 níbi ìgbéyàwó kan kó tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ní 1995 ni ìwé rẹ̀ Ewé jáde, lórí ewé àti egbò tí àwọn awo ń lò, ohun tó kọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà Kétu. Gilberto Gil, olórin ńlá ilẹ̀ Bùràsíìlì, wá bá a sọ̀rọ̀ nílé náà fún fíìmù kan. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1996, Fátúmbí kú. Ọmọ ọdún 93 ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ dígí olójú gbòòrò tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Rollei ṣe Rolleiflex olójú gbòòrò kan jáde láàárín 1961 sí 1967, dígí mílímítà 55, wọn ò ṣe é ju nǹkan bí 4.000 lọ. Kódà ìyẹn kò súnmọ́ bí 0,5 tiyín ṣe gbòòrò tó. Nítorí náà ẹ ní ohun tí Verger kò ní. Kí lẹ lè fi ṣe?

Ohun tí àwa ti rí lẹ́yìn ìtìjú wa rèé. Dígí olójú gbòòrò kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ dúró lókèèrè kó gbá gbogbo nǹkan jọ. Bí ẹ bá dúró lókèèrè tí ẹ tẹ 0,5, ilẹ̀ àti ọ̀run lẹ máa rí, àwọn èèyàn á sì kéré bí èèrà. Ẹ sún mọ́ ohun kan. Ẹ lọ bá àwọn ahunṣọ ní Bafilo, ẹ tọrọ àyè, ẹ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, kí òwú tí wọ́n ta síwájú bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ yín kó sì máa lọ títí. Òwú á gùn bí ọ̀nà Sokodé sí Tchamba, ahunṣọ á wà ní àárín, nǹkan kan ò ní ṣe orí rẹ̀. Ilé ìdáná tó há, inú ọkọ̀ tó kún, yàrá ọmọ-ìwé, ibẹ̀ ni dígí yìí ti wúlò.

Mọ́sálásí ńkọ́? Bí ẹ bá gbé fóònù sókè láti mú òpó rẹ̀, òpó á dà sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ẹ gbé fóònù dúró gangan, ẹ jìnnà díẹ̀ sí i, tí ilẹ̀ bá pọ̀ jù nísàlẹ̀, kí ẹ gé e lẹ́yìn náà. Lálẹ́, ẹ padà sí 1, torí pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù dígí 0,5 kì í gba ìmọ́lẹ̀ tó ti àárín. Níbi ọdún Gadao-Adossa ní Sokodé, nígbà tí àwọn ọ̀bẹ bá jáde, ẹ rántí pé fótò 0,5 tó dára ní kí onífótò sún mọ́, kí ẹ sì ro ó dáadáa kí ẹ tó sún mọ́.

Ní ti àgbà, ẹ má fi wọ́n sí ìpẹ̀kun. Ẹ tẹ 1, ẹ fi ẹsẹ̀ yín sún sẹ́yìn. Bí ògiri bá wà lẹ́yìn yín, ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì, ẹ yà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáde síta sábẹ́ igi. Wọ́n á jáde. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ dáadáa máa ń jáde. Kí ẹ sì tẹ fótò náà sórí bébà. Fótò àwọn ará Kétu tí Verger yà ṣì wà ní Bahia nítorí pé ẹnì kan tọ́jú wọn. Tiwa tó wà nínú fóònù, ọjọ́ tí fóònù bá já sínú kànga ni gbogbo rẹ̀ tán.

Fótò bàbá wa yẹn, a gbé e lọ bá onífótò kan ní Sokodé tó ní kọ̀ǹpútà. Ó fa ìpẹ̀kun rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí orí fi padà sí bó ṣe rí, tàbí kó fẹ́ẹ̀ẹ́ padà. Èjìká kan ṣì gùn ju èkejì lọ. Àkọ́bí bàbá wò ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó ní èjìká bàbá àwọn rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí ọkọ́ tó fi gbé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. A ò mọ̀ bóyá ó kàn fẹ́ kí ara tù wá ni. Ó kọ́ fótò náà sí pálọ̀.